Erédò Sùngbọ́: Yàrà Àtijọ́ tó Yí Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú Ká, àti Bí Àlejò Ṣe Lè Dé Ibẹ̀

Erédò Sùngbọ́ ni orúkọ yàrà àti odi tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ fi yí ilẹ̀ wọn ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà náà dé orí odi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó mítà 20, èyí tó ga tó ilé alájà mẹ́fà. Apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan sì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá wa fi erùpẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè bá a dọ́gba. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wọn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ọmọ Yorùbá ni pé erùpẹ̀ ni Erédò, kì í ṣe òkúta. Òkúta a máa wó lulẹ̀, ẹ ó sì tún rí i níbi tó wó sí. Erùpẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá gé e kọjá, bí típà bá kó o lọ, tàbí bí ẹnìkan bá kọ́ ilé lé e lórí, ó ti lọ nìyẹn. Ìdí rèé tó fi yẹ kí a mọ ohun tó jẹ́, kí á mọ bí a ṣe ń lọ síbẹ̀, kí á sì mọ bí a ó ṣe rìn ín láì ba nǹkan jẹ́.

OHUN TÍ ERÉDÒ JẸ́

Bí ènìyàn bá lè wo Erédò láti òkè, yóò rí i pé ó dà bí òrùka kan tí kò ṣe roboto dáadáa. Láti àríwá rẹ̀ dé gúúsù tó nǹkan bí kìlómítà 40, láti ìlà oòrùn rẹ̀ dé ìwọ̀ oòrùn sì tó nǹkan bí 35. Ìlú Ìjẹ̀bú-Òdé wà nínú òrùka yìí, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú kéékèèké, abúlé, oko àti igbó.

Níbí ni Erédò ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ odi mìíràn tí a mọ̀. Ilé-Ifẹ̀ ní odi, Ọ̀yọ́-Ilé ní odi, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló sì ní tirẹ̀ láyé ogun. Odi wọ̀nyẹn yí ìlú ká ni. Ti Erédò yí odindi ilẹ̀ ká, tìlú toko.

Bí wọ́n ṣe ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n gbẹ́ yàrà wọnú ilẹ̀, wọ́n sì da erùpẹ̀ tí wọ́n ń wú jáde sí apá inú, níhà ibi tí àwọn ènìyàn wọn ń gbé. Erùpẹ̀ yẹn ló di odi. Ẹni tó bá ti ìta bọ̀ yóò kọ́kọ́ kan yàrà, yóò sì tún rí odi níwájú rẹ̀ lẹ́yìn yàrà náà. Ilẹ̀ agbègbè náà jẹ́ ilẹ̀ pupa líle tí èròjà irin pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní latiráìtì. Ilẹ̀ yìí kì í tètè ya. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ yàrà náà fi ṣì dúró ṣánṣán ní ọ̀pọ̀ ibi, tó sì ń dán bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e.

Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ẹsẹ̀ rìn kiri ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n wú jáde tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ kúbíìkì mítà. Kúbíìkì mítà kan ni ohun tí yóò kún inú àpótí tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lo típà tó ń gba mẹ́wàá irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, típà náà yóò kó erùpẹ̀ yìí ní ìgbà 350,000 kó tó tán. Pírámíìdì ńlá tó wà ní Giza, ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí gbogbo ayé ń lọ wò, kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Erédò fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan jù ú lọ. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò ní katakátá, wọn kò ní ọkọ̀. Ọwọ́ ènìyàn, irinṣẹ́ wọn àti ohun tí wọ́n lè rù lórí ni wọ́n fi ṣe é. Ó hàn gbangba pé ẹni tó pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbára lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, ó sì ní oúnjẹ tí yóò fi bọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

TA NI SÙNGBỌ́?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Bilikisu Sùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Opó ni, kò sì bímọ. Nítorí pé kò ní ọmọ tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú, ó pinnu láti fi ohun tí ayé kò ní gbàgbé sílẹ̀. Ojúbọ rẹ̀, tí àwọn ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wà ní Òkè-Èrì, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òdé. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ń lọ gbàdúrà, ẹlòmíràn ń lọ fi ojú rí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ lẹ́nu àgbà.

Orúkọ obìnrin náà ló fa ọ̀rọ̀ kejì. Bilikisu ni orúkọ tí àwọn mùsùlùmí ń pe Ọbabìnrin Ṣébà, ẹni tó lọ kí Ọba Sólómọ́nì. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Bíbélì, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kẹwàá, ó sì wà nínú Àlùkùráánì, nínú súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé súrà náà kò dárúkọ rẹ̀. Látàrí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ọbabìnrin Ṣébà gan-an ni Sùngbọ́, àti pé Òkè-Èrì ni sàréè rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé ìgbàgbọ́ yìí àti ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ kò pàdé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n máa ń ka ìgbà Sólómọ́nì sí, nígbà tí Erédò kò tíì tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Àlàfo àárín méjèèjì lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ilẹ̀ Yemen tàbí Ethiopia sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń wò bí wọ́n bá ń wá ìlú Ṣébà. Àmọ́ èyí kò sọ ìtàn Sùngbọ́ di irọ́. Obìnrin alágbára kan lè wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ayé má gbàgbé rẹ̀, kí àwọn mùsùlùmí tó dé lẹ́yìn sì fi orúkọ obìnrin tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn tiwọn pè é. Ohun tó dájú ni pé láàárín gbogbo àwọn ọba ọkùnrin tí ilẹ̀ náà ti ní, orúkọ obìnrin ni àwọn ènìyàn rẹ̀ yàn láti fi pe iṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ wọn.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ

Kì í ṣe òní ni ayé ti ń gbọ́ nípa yàrà Ìjẹ̀bú. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Potogí, kọ ìwé kan láàárín ọdún 1505 sí 1508 nípa àwọn etíkun Áfíríkà. Ó dárúkọ ìlú ńlá kan tí yàrà gbòòrò yí ká, ó pè é ní Geebu, ó sì kọ orúkọ oyè ọba ibẹ̀ sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ: Agusale. Kò ṣòro láti rí i pé Awùjalẹ̀ ló ń sọ.

Ní ọdún 1959, Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tẹ àlàyé nípa Erédò jáde. Lẹ́yìn èyí, nǹkan bí 40 ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó tún hàn sí gbogbo ayé. Darling, tó wà ní Yunifásítì Bournemouth nígbà náà, ló gbé e síta. Nígbà tó di ọdún 1999, àwọn ilé ìròyìn àgbáyé gbé e káàkiri, púpọ̀ nínú wọn sì fi Ọbabìnrin Ṣébà ṣe àkọlé. Ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà ni pé Erédò ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ìwádìí tó tẹ̀lé èyí ti yí ọjọ́ náà padà. Gérard Chouin, tó ń kọ́ni ní College of William and Mary ní Amẹ́ríkà, àti Adisa Ogunfolakan ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wú ilẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 2010 sókè. Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ Erédò. Bí a bá tẹ̀lé èyí, yàrà náà ti wà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan nígbà tí Pereira kọ ìwé rẹ̀.

Kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Ìdáhùn kan ni ogun, torí ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ kò lè sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdáhùn kejì ni ọjà, torí ẹni tó bá ní yàrà yóò mọ ibi tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ gbà wọlé, yóò sì lè gba owó bodè. A kò gbàgbé pé Ìjẹ̀bú fi ọ̀pọ̀ ọdún di ọ̀nà ìṣòwò láàárín etí òkun àti ilẹ̀ òkè mú, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun gba ọ̀nà náà ní Ìmágbọ̀n. Ìdáhùn kẹta ni ààlà. Yàrà tó gùn tó kìlómítà 160 ṣòro láti ṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí i pé ilẹ̀ ọba kan ló wọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILẸ̀ KÀMBÓDÍÀ

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ibi àtijọ́ lè dà fún àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dára kí á wo ilẹ̀ Kàmbódíà, ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà. Àwọn Khmer tó ni ilẹ̀ náà kọ́ ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì olókùúta láyé àtijọ́. Èyí tó lókìkí jù ni Angkor Wat, tí Ọba Suryavarman Kejì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá. Yàrà olómi yí òun náà ká. Ó jọni lójú pé ìgbà tí àwọn Ìjẹ̀bú ń gbẹ́ Erédò ni agbára Angkor ń lọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1431, àwọn ọmọ ogun Ayutthaya láti apá ibi tó di Thailand lónìí kó ìlú náà. Igbó bo ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì wọn gẹ́gẹ́ bí igbó ṣe bo Erédò.

Ní ọdún 1992, àjọ UNESCO kọ Angkor sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 2004.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó bá Erédò mu jù kò sí ní Angkor tí èrò ti ń wọ́ tìrìtìrì. Ó wà ní Banteay Chhmar, tẹ́ńpìlì kan ní ìgbèríko àríwá ìwọ̀ oòrùn Kàmbódíà, nítòsí ààlà Thailand. Ọba Jayavarman Keje ló kọ́ ọ, ní ìparí ọ̀rúndún kejìlá wọ ìkẹtàlá. Ó jìnnà, èrò kò pọ̀ níbẹ̀, olùṣọ́ kò sì tó. Ní ọdún 1998, àwọn olè gé apá kan ògiri rẹ̀ tó ní iṣẹ́ ọnà lára, wọ́n sì kó o gba ọ̀nà Thailand lọ. Wọ́n rí lára rẹ̀ gbà padà, èyí sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Phnom Penh. Nígbà tó yá, àwọn ará abúlé tó wà lẹ́bàá tẹ́ńpìlì náà kó ara wọn jọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń mú àlejò yí inú rẹ̀ ká, wọ́n ń gba àlejò sùn sínú ilé wọn, wọ́n ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń yọ lára owó náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Tẹ́ńpìlì tí ó jẹ́ òkúta lásán lójú ẹlòmíràn di ohun tí abúlé ń ṣọ́, torí wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ nídìí rẹ̀. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

OHUN TÍ ÀLEJÒ YÓÒ RÍ

Kí ẹni tó bá ń lọ sí Erédò má retí ilé gíga tàbí ère òkúta. Ohun tí yóò rí ni igbó, títí yóò fi dé etí yàrà lójijì. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, òòrùn yóò dín kù, afẹ́fẹ́ yóò sì tutù. Àwọn igi tó hù ní etí méjèèjì ti na ẹ̀ka wọn pàdé lókè, wọ́n sọ yàrà náà di ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ewé ṣe òrùlé fún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa, ewédò àti koríko tútù sì bo àwọn apá kan. Ní ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, irà tàbí omi wà nísàlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló jìn bákan náà. Ní àwọn apá kan, ènìyàn lè fo yàrà náà dá láì mọ̀ pé òun ti kọjá Erédò. Ní apá mìíràn, yóò gbé orí sókè títí ọrùn yóò fi máa dùn ún. Ìdí nìyí tó fi dára kí ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà mú àlejò lọ. Ẹni tó dá lọ lè rí kòtò lásán kó padà sílé kó sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ojúbọ Sùngbọ́ ní Òkè-Èrì ni ibi kejì. Ibi ìsìn ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ó ní àwọn olùtọ́jú, ó sì ní èèwọ̀. Ìlànà rẹ̀ kò fún gbogbo ènìyàn láyè bákan náà, pàápàá àwọn obìnrin, nítorí náà kí oníkálukú béèrè ibi tí òun lè dé kó tó gbé ẹsẹ̀.

BÍ A ṢE Ń LỌ LÁTI ÀLÀBÁ RAGO ÀTI AGBÈGBÈ RẸ̀

Láti Àlàbá Rago, Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomáíkò, ìrìn àjò tó lé ní kìlómítà 100 ni, ènìyàn sì lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan bó bá tètè jí. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Ọ̀nà kìn-ín-ní gba Ìyànà-Ìbà, lójú ọ̀nà LASU, sí Ìgándò àti Ìyànà-Ìpájà, kó tó bọ́ sí Berger. Láti Berger, èrò yóò gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn títí dé oríta Ṣágámù, yóò sì yà sí ọwọ́ ọ̀tún gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òdé. Bó bá dé Ìjẹ̀bú-Òdé, yóò wá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sí Òkè-Èrì.

Ọ̀nà kejì gba Mile 2 wọ Erékùṣù Èkó, ó gba Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó tó darí sí Ìjẹ̀bú-Òdé. Ọ̀nà yìí gùn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè mú ọjọ́ lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gba apá gúúsù yàrà náà kọjá. Ìlú kan wà lágbègbè Ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ́ Erédò títí di òní. Bí Ìbà ṣe jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, bẹ́ẹ̀ náà ni Erédò. Èyí fi hàn pé yàrà náà kì í ṣe ti ará Ògùn nìkan. Ará Èkó náà ní ìpín nínú rẹ̀.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ àgbò kàn ní Àlàbá Rago, tó jẹ́ pé àgbò gan-an ni rago túmọ̀ sí ní èdè Haúsá, ìgbà kan wà lọ́dún tó bá ìrìn àjò yìí mu. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òdé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àti ìdílé ẹlẹ́ṣin máa ń lọ júbà fún ọba. Ẹni tó bá ti ta àgbò tán lè fi ọjọ́ yẹn wo ayẹyẹ, kó sì fi ọjọ́ kejì rìn dé Erédò. Àwọn ará Kánò tó ń gbé ní Àlàbá Rago kò sì ní nílò àlàyé púpọ̀. Odi erùpẹ̀ wà ní ìlú tiwọn náà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1095 sí 1134. Wọ́n mọ bí odi bẹ́ẹ̀ ṣe ń parẹ́, torí ọ̀pọ̀ ibi lára ti Kánò ni wọ́n ti wó, tí wọ́n sì ti kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ kọ́lé.

ÌLÀNÀ FÚN ÀLEJÒ

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ló dára jù. Lásìkò òjò, ẹ̀gbẹ́ yàrà a máa yọ̀, irà a sì máa pọ̀ nísàlẹ̀.

Kí àlejò wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, nítorí ejò, ẹ̀gún àti kòkòrò. Kó gbé omi dání. Kó má ṣe dá nìkan wọ inú igbó.

Kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olórí ìlú tàbí àwọn olùtọ́jú, kó kí wọn bó ṣe yẹ, kó sọ ohun tó bá wá, kó sì gba ẹni tí yóò mú un lọ. Kó bá ẹni náà sọ iye owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí ìjà má baà sẹlẹ̀ nígbà ìpadàbọ̀.

Kó má ṣe ya fọ́tò níbi ojúbọ láì gba àṣẹ. Bí wọ́n bá ní kó bọ́ bàtà, kó bọ́ ọ.

Kó gba ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ púpọ̀ bá ń gun ibi tuntun lára odi, òjò yóò tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ náà, yóò sì gbẹ́ ẹ di ọ̀gbàrá.

Bó bá rí àpáàdì tàbí ohun àtijọ́ mìíràn nílẹ̀, kó fi í síbi tó wà. Ohun tí awalẹ̀pìtàn lè fi mọ ìtàn ni ibi tí nǹkan náà wà àti ìpele ilẹ̀ tó bò ó. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò, àpáàdì lásán ló kù.

EWU TÓ WÀ NÍLẸ̀

Orúkọ Erédò ti wọ ìwé UNESCO láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, òun àti Iya, odi àti yàrà ilẹ̀ Benin, papọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìdúró-de ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè kan ní lọ́kàn láti dábàá lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn ìgbà náà, Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa wọ ìwé gidi ní ọdún 1999, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì tẹ̀lé e ní ọdún 2005. Erédò kò bá wọn wọlé.

Kí irú ibi bẹ́ẹ̀ tó lè wọlé, wọn yóò béèrè ibi tí ààlà rẹ̀ wà, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti òfin tó dáàbò bò ó. Fún tẹ́ńpìlì kan tó wà lójú kan, ìdáhùn kò ṣòro. Fún yàrà tó gùn ní kìlómítà 160, tó gba inú oko olóko, ilẹ̀ ẹbí àti ìpínlẹ̀ méjì kọjá, iṣẹ́ ńlá ni. Ìjọba Ògùn nìkan kò lè dá a ṣe, ti Èkó nìkan kò sì lè dá a ṣe.

Láàárín àkókò yìí, ọjọ́ ń lọ. Ojú ọ̀nà ti gé Erédò kọjá ní àwọn ibì kan. Àwọn àgbẹ̀ ń dáko dé etí rẹ̀, àwọn agégi ń gé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ di erùpẹ̀ mú. Iye owó ilẹ̀ láàárín Lẹ́kkí, Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òdé ti gòkè gan-an, bẹ́ẹ̀ ibi tí ilẹ̀ bá ti wọ́n, ẹni tó rí òkè erùpẹ̀ pupa lè rò pé ọjà ni. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pátápátá bí kò bá sí ẹni tó sọ fún un pé odi tí wọ́n ti mọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló fẹ́ tà.

Nítorí náà, àlejò tó lọ sí Erédò, tó sanwó fún ọmọ ìlú tó mú un kiri, tó ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ní Òkè-Èrì, tó sì padà sílé láì mú nǹkan kan kúrò, ti ṣe ju ìgbafẹ́ lọ. Ó ti fi han onílẹ̀ pé odi tó dúró níye lórí ju típà erùpẹ̀ kan lọ. Àwọn ará Banteay Chhmar kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ èyí. Orúkọ tí Sùngbọ́ fi yàrà wá kò tíì parẹ́. Ọwọ́ àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti àwọn tó ń lọ wò ó, ló kù sí.